Ìran Wíwò ní Harajuku

Harajuku kò sí nínú àdírẹ́sì ìjọba mọ́. Láti ọdún 1965, nígbà tí wọ́n tún orúkọ àwọn àdúgbò Tokyo tò, Jingumae ni wọ́n ń kọ sára lẹ́tà tó bá ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ ojú irin àdúgbò náà kò yí orúkọ tirẹ̀ padà, orúkọ ibùdókọ̀ yìí ló sì wà lẹ́nu aráyé títí dòní. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Harajuku, ohun tó ń wá sọ́kàn ni àwọn ọ̀dọ́ tó múra lọ́nà tí ojú kò rí rí, àti àwọn tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn tí wọ́n ń ṣọ́ wọn kiri. Wíwò ni òwò ibẹ̀. Àwọn kan wá kí wọ́n lè rí wọn, àwọn kan wá wòran, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibùdókọ̀ Harajuku wà lórí ojú irin Yamanote, èyí tó yí àárín gbùngbùn Tokyo ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, igbó ni yóò rí: igbó tí wọ́n fọwọ́ gbìn yí ojúbọ Meiji ká, ojúbọ tí wọ́n parí ní ọdún 1920 ní ìrántí ọba ńlá Meiji àti olorì rẹ̀, Shoken. Tó bá kọjú sí ìlà oòrùn, ẹnu Títì Takeshita ló máa já sí, títì tóóró tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 350 mítà, tí ṣọ́ọ̀bù há lọ́tùn-ún lósì. Ní gúúsù díẹ̀ sí ibẹ̀ ni Omotesando wà, títì gbọọrọ tí igi keyaki ṣíji bò. Ọ̀nà ojúbọ ni wọ́n dìídì la títì yìí sí, ohun tí orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí kò ju ‘ọ̀nà iwájú ojúbọ’ lọ. Lónìí, ilé ìtajà aṣọ olówó gọbọi ló tò sí ẹ̀bá rẹ̀. Nítorí náà, láàárín ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèyàn lè rí ìyàwó tuntun tó wọ kímónò funfun nínú àgbàlá ojúbọ, kó rí ọmọbìnrin tó to nǹkan ìrun oníke ogójì sí iwájú orí, kó sì tún rí ìyá àgbà tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá láìwo ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Ìwòran ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, bọ́ǹbù iná Amẹ́ríkà jó Omotesando àti àyíká rẹ̀ run. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Japan kọ́ ilé fún ìdílé wọn sórí ilẹ̀ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ náà, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Washington Heights. Ibi tí àlejò olówó bá wọ̀ sí, ọjà kì í pẹ́ débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun tí ìyàwó àti ọmọ sójà nílò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní Omotesando; Kiddy Land, ilé ìtajà ohun ìṣeré ọmọdé tó ṣì wà níbẹ̀, ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Tokyo náà ń wá wo bí àwọn àlejò wọ̀nyí ṣe ń múra àti bí wọ́n ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn. Nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1964 kù sí dẹ̀dẹ̀, Amẹ́ríkà dá ilẹ̀ náà padà, wọ́n sì sọ ọ́ di abúlé àwọn eléré ìdárayá. Kenzo Tange, ayàwòrán ilé, kọ́ gbọ̀ngàn ìdárayá Yoyogi tí okùn irin gbé òrùlé rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ní ọdún 1967, ilẹ̀ sójà àtijọ́ yìí di Ọgbà Yoyogi, tí gbogbo èèyàn lè wọ̀.

Ilé kan ló wá kó àwọn ayàwòrán jọ síbẹ̀. Ní ìkóríta Jingumae, níbi tí Omotesando ti dábùú Títì Meiji, wọ́n kọ́ ilé alájà púpọ̀ kan ní ọdún 1958 tó ń jẹ́ Central Apartment. Àwọn onífọ́tò, àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà àti àwọn tó ń ya bátánì aṣọ ló gba yàrá iṣẹ́ síbẹ̀. Leon, ilé kọfí tó wà nísàlẹ̀ ilé náà, di ibi tí wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n ń wo ẹni tó ń wọlé àti ohun tó wọ̀. Ìwé ìròyìn An An jáde ní ọdún 1970, non-no tẹ̀ lé e ní 1971, àwọn méjèèjì sì gbé àwòrán Harajuku dé ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin tó wà ní àwọn ìlú tó jìnnà. Ní ọdún 1970 yẹn kan náà ni ilé aṣọ Milk ṣí. Ilé ìtajà ńlá Laforet tẹ̀ lé e ní 1978. Kò tíì sí ohun tó ṣàjèjì nínú èyí. Ìlú ńlá wo ni kò ní ọjà oge tirẹ̀?

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé wọ́n lé ọkọ̀ kúrò lójú títì. Láti ọdún 1977, wọ́n ń dí títì ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ Ọgbà Yoyogi mọ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Hokosha tengoku ni wọ́n ń pe irú títì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ‘ọ̀run àwọn ẹlẹ́sẹ̀’, àwọn ọ̀dọ́ sì gé e kúrú sí hokoten. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n pa agbo sílẹ̀ de eégún. Kò pẹ́ tí eégún fi jáde. Àwọn takenoko-zoku, ‘ẹgbẹ́ ẹ̀hù ọparun’, ló kọ́kọ́ gba ojú agbo: àwọn ọmọ iléèwé girama tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ òdòdó, tí wọ́n gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì sáàárín, tí wọ́n sì ń jó yí i po. Ara ṣọ́ọ̀bù Takenoko tó ṣí ní Títì Takeshita ní 1978 ni wọ́n ti mú orúkọ náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra aṣọ wọn. Àwọn onírọ́kì wà nítòsí wọn, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ àti irun tí wọ́n fi ìpara gbé dúró bíi ti Elvis Presley. Títí di ìsinsìnyí, díẹ̀ nínú irú wọn ṣì ń jó lẹ́nu ọ̀nà Ọgbà Yoyogi lọ́jọ́ Àìkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ọ̀pọ̀ wọn ti ń funfun. Nígbà tí ọdún 1990 fi ń súnmọ́lé, àwọn ẹgbẹ́ olórin ló gba títì náà, tí wọ́n to ẹ̀rọ gbohùngbohùn tira wọn débi pé orin ẹgbẹ́ kan kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti èkejì.

Ó yẹ kí èèyàn fi ọkàn sí ọjọ́ tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Láti Mọ́ńdè lọ, aṣọ iléèwé ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wọ̀, ti ìwọ̀nyí kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Sọ́ńdè nìkan ni aṣọ wà ní ìkáwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń wọkọ̀ ojú irin wá láti ẹ̀yìn odi ìlú pẹ̀lú àpò tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, tí wọ́n á wọ ilé ìyàgbẹ́ ibùdókọ̀ láti pààrọ̀ aṣọ, tí wọ́n á sì tún pààrọ̀ padà kí wọ́n tó délé. Ẹni tó bá rí wọn nínú àwòrán tó rò pé bí ará Japan ṣe ń múra nìyẹn ti ṣì í rò. Ohun tí wọn kò lè wọ̀ sílé, tí wọn kò lè wọ̀ síléèwé, ni wọ́n gbé wá síta.

Ní Japan, wíwo èèyàn lójú pópó ti di ẹ̀kọ́ tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 ba Tokyo jẹ́, Kon Wajiro, ẹni tó jẹ́ onímọ̀ nípa ilé kíkọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí bí àwọn èèyàn ṣe ń tún ayé wọn tò. Ní ọdún 1925, òun àtàwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ dúró sí Ginza, àdúgbò ọjà kan ní Tokyo, wọ́n ń ka àwọn tó ń kọjá, wọ́n ń kọ ohun tí oníkálùkù wọ̀ sílẹ̀: fìlà, bàtà, bí wọ́n ṣe ṣe irun, gígùn ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rí i pé ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin ló wọ aṣọ òyìnbó, ṣùgbọ́n nínú àwọn obìnrin, ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Gbogbo wàhálà tí àwọn ìwé ìròyìn ìgbà yẹn ń ké nípa ‘obìnrin ayé òde òní’ tó ti gbàgbé kímónò, orí obìnrin kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kó o lé. Kon pe ìmọ̀ rẹ̀ ní kogengaku. Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè kọjú sí orúkọ tí wọ́n ń pe ìmọ̀ àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́: àwọn yẹn ń wá ayé tó ti lọ, òun ń wo èyí tó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Irúgbìn yẹn hù. Ilé ìtajà Parco ní ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ ACROSS, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan náà ní Shibuya, Harajuku àti Shinjuku lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti ọdún 1980. Wọ́n á yan aṣọ kan tàbí bàtà kan, wọ́n á ka iye àwọn tó wọ̀ ọ́ nínú àwọn tó kọjá, wọ́n á ya fọ́tò díẹ̀ nínú wọn, wọ́n á sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Nítorí pé ojú kan náà ni wọ́n ń dúró sí, àwòrán oṣù kan ṣe é gbé ka iwájú ti ogún ọdún sẹ́yìn. Ó sú ni láti gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta aṣọ mọ ohun tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó.

Ẹni tó sọ fọ́tò ojú títì Harajuku di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Shoichi Aoki. Ní ọdún 1985, ó dá ìwé ìròyìn STREET sílẹ̀, tó ń fi han àwọn ará Japan bí àwọn ará London àti Paris ṣe ń múra níta gbangba, kì í ṣe lórí pèpéle àfihàn aṣọ. Fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkè òkun ló ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Nígbà tó di àárín ọdún 1990 sí 2000, ó rí àwọn ọmọ kan ní Harajuku tí wọ́n ń da kímónò pọ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wọ bàtà onígi geta pẹ̀lú sọ́kísì aláràbarà, tí wọ́n ń mú aṣọ òkìríkà gé tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn tún un rán. Ó rí i pé àwọn wọ̀nyí kò wo Paris fara wé ẹnì kankan. Ní 1997, ó dá FRUiTS sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀nà tó gbà ya fọ́tò fún FRUiTS rọrùn débi pé èèyàn lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹnì kan, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta, dúró lójú títì, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, gbogbo ara hàn láti orí dé bàtà. Kò sí iná àrà, kò sí pé kí wọ́n fò sókè. Lábẹ́ fọ́tò náà ni wọ́n ti kọ ọjọ́ orí ẹni náà, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ibi tó ti rí ohun kọ̀ọ̀kan tó wọ̀: fìlà láti ṣọ́ọ̀bù báyìí, síkẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, àpò tó rà ní ọjà òkìríkà. Àkọsílẹ̀ kékeré yìí ló gbé iṣẹ́ náà yàtọ̀. Fọ́tò lásán á sọ ẹni náà di ohun ìyanu. Àkọsílẹ̀ náà sọ ọ́ di ẹni tó ronú kó tó múra. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà ní ìlú kékeré kan ní àríwá Japan lè kà á kó sì mọ bí òun náà ṣe máa ṣe é. Ilé ìtẹ̀wé Phaidon kó àwọn fọ́tò náà jọ sínú ìwé kan ní 2001, òmíràn tẹ̀ lé e ní 2005, bẹ́ẹ̀ ni Harajuku ṣe wọ ilé ìkówèésí àwọn tí kò ní dé Japan láé.

Sunappu ni wọ́n ń pe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ òyìnbó gẹ́lẹ́ bí àwọn tó ń sọ pé ‘ẹ sínáàpù mi’ l’Ékòó ṣe yá a. Láàárín ọdún díẹ̀, sunappu di iṣẹ́ gidi. Ìwé ìròyìn KERA, CUTiE, Zipper àti àwọn mìíràn rán ayàwòrán síta lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ọ̀dọ́ náà mọ ibi tí ayàwòrán máa ń wà, wọ́n sì ń múra dè é: iwájú ṣọ́ọ̀bù GAP tó wà ní ìkóríta Jingumae nígbà yẹn di ibi tí wọ́n ń dúró sí bí ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ bá jáde léraléra lè di ọmọ oge fún ìwé ìròyìn náà. Kyary Pamyu Pamyu, olórin tí orin rẹ̀ PonPonPon tàn káàkiri ayé ní 2011, irú ọmọ iléèwé tí KERA yà lójú títì báyìí ni. Nítorí náà, àṣìṣe ni láti sọ pé ayàwòrán kàn bá àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Òun náà wà lára ohun tó ń pè wọ́n jáde.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀ kò jọ ara wọn, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ lè ṣẹ̀ wọ́n. Èyí tí aráyé mọ̀ jù ni Lolita: síkẹ́ẹ̀tì tó rú bí agogo nítorí yẹ̀rì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, léèsì lọ́rùn àti lọ́wọ́, ríbọ́ọ̀nù tàbí fìlà olókùn lórí, sọ́kísì gígùn, nígbà mìíràn agboòrùn kékeré. Ilé aṣọ Baby, The Stars Shine Bright bẹ̀rẹ̀ sí í rán irú rẹ̀ ní 1988. Aṣọ yìí máa ń bo ara dáadáa, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìṣekúṣe tí orúkọ náà lè mú wá sọ́kàn ẹni tó mọ ìwé òyìnbó tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni Gothic Lolita, èyí tí Mana, atajìtá ẹgbẹ́ olórin Malice Mizer, gbé lárugẹ pẹ̀lú ilé aṣọ Moi-même-Moitié tó dá sílẹ̀ ní 1999. Àwọn olólùfẹ́ irú ẹgbẹ́ olórin bẹ́ẹ̀ ló máa ń kún orí Jingu-bashi, afárá tó gba orí ojú irin lọ sí ojúbọ Meiji, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Decora ní tirẹ̀, ìkójọ ni: nǹkan ìrun, ìlẹ̀kẹ̀ oníke, bèbí kékeré, sítíkà lójú, àwọ̀ lórí àwọ̀. Ṣọ́ọ̀bù 6%DOKIDOKI tí Sebastian Masuda ṣí ní 1995 wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń rí irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ura-Harajuku, àwọn kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn títì, Nigo àti Jun Takahashi, tí wọ́n ń ya bátánì aṣọ, ṣí ṣọ́ọ̀bù Nowhere ní 1993. Fàníìlà àti bàtà eré ìdárayá ni àwọn ọkùnrin ń tò dè níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó wọ aṣọ kan náà láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni wọ àǹkóò, kò sì ṣọ̀wọ́n ní Títì Takeshita.

Kò sí èyí tó jẹ́ cosplay nínú gbogbo wọn. Cosplay ni kéèyàn múra bí ẹ̀dá inú eré tàbí inú ìwé àwòrán, Akihabara, àdúgbò mìíràn ní Tokyo, ni ilé irú ìyẹn. Ẹni tó wọ Lolita kò ṣe bí ẹlòmíràn. Aṣọ tirẹ̀ ló wọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àlejò kò mọ èyí. Nígbà tí olórin Amẹ́ríkà Gwen Stefani kó oníjó mẹ́rin tẹ̀ lé ara rẹ̀ kiri ní 2004 tó pè wọ́n ní Harajuku Girls, orúkọ àdúgbò náà dé ibi tí FRUiTS kò dé, ṣùgbọ́n àwọn kan bínú pé ó sọ èèyàn di ẹ̀ṣọ́ ara.

Àlejò tó bá wo Títì Takeshita dáadáa á tún rí àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ tó ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ àwọn olórin híìpùhọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń pe oníbàárà wọlé. Ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ wọn, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Bóyá ni ẹnì kan wà ní àdúgbò náà tó mọ èèyàn wò ju àwọn wọ̀nyí lọ, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa rajà láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ìwé fọ́tò Harajuku kì í sábà kà wọ́n kún.

Ní ti iṣẹ́ fọ́tò fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì ni, ìwà àwọn tó ń tọ̀ wọ́n sì yàtọ̀. Àwọn kan ń ya èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀, bí ayàwòrán Daido Moriyama ṣe gbajúmọ̀ fún ní Shinjuku: kámẹ́rà kékeré, fọ́tò dúdú àti funfun tó rí ṣákaṣàka, ojú tó ń kọjá bí àlá. Àwọn tó ń ya aṣọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí fọ́tò tí bàtà kò hàn nínú rẹ̀ kò wúlò fún wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ bèèrè. Ìbéèrè náà kò gùn: ‘Shashin, ii desu ka?’, pẹ̀lú ìtẹríba díẹ̀ àti ìka tó tọ́ka sí kámẹ́rà. Ẹni tó bá gbà á rọra gbé àpò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún etí síkẹ́ẹ̀tì ṣe, á sì dúró. Ẹni tí kò gbà á fi apá méjì tàbí ìka méjì kọ́ra bí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kì í ṣe ìbínú, ẹni tó bá sì tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì ti ṣàṣejù.

Lẹ́ǹsì mílímítà 35 tàbí 50 ni wọ́n sábà máa ń lò, èyí tí kò ní fún ẹsẹ̀ ní gígùn tí kò ní, tí kò sì ní jẹ́ kí ayàwòrán jìnnà jù láti bá ẹni náà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run dára ju ọjọ́ oòrùn lọ: léèsì funfun máa ń yọ́ dànù nínú oòrùn líle, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú sì máa ń di ihò lásán. Títì Takeshita fúnra rẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí lọ́sàn-án Sọ́ńdè, nítorí èrò tó ń wọ́ lọ níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn tó mọ ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà jáde ní òpin títì, tàbí kí wọ́n lọ sí Cat Street, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n ṣe sórí odò Shibuya nígbà tí wọ́n bo odò náà mọ́lẹ̀ ṣáájú Òlíńpíìkì 1964. Ògiri rẹ̀ kò pariwo, ọkọ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í gba fọ́tò rárá. Ní ojúbọ Meiji, wọ́n ń ya ìgbéyàwó tó ń gba àgbàlá kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ ya inú ilé àdúrà.

Òfin Japan nípa èyí le ju bí ọ̀pọ̀ àlejò ṣe rò lọ. Shozoken, ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní lórí àwòrán ara rẹ̀, kò sí nínú ìwé òfin kan lórúkọ. Àwọn ilé ẹjọ́ ló mọ ọ́n bí ẹni mọ odi, ìdájọ́ lórí ìdájọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ní 1969 pé èèyàn ní òmìnira kí wọ́n má ya òun láìgbàṣẹ láìnídìí. Ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá tó ya àwọn olùfẹ̀hónúhàn ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ní 2005 ọ̀rọ̀ náà kan fọ́tò oge gan-an. Wọ́n ya obìnrin kan tó ń rìn lọ ní Ginza láìsọ fún un, wọ́n sì gbé fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ aṣọ ìgboro. Ọ̀rọ̀ tó wà láyà aṣọ rẹ̀ mú kí àwọn aláìníṣẹ́ gbé fọ́tò náà kiri, tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ sí i. Ilé ẹjọ́ àgbègbè Tokyo gbà pé fífi aṣọ ìgbà han aráàlú kì í ṣe ohun búburú, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà hàn kedere, òun nìkan ni fọ́tò náà sì dá lé; wọ́n ní kí àwọn tó gbé e jáde san owó gbà-má-bínú fún un. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ sunappu tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í gbé fọ́tò jáde láìgba ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìfọwọ́síwèé.

Ìbẹ̀rù àwọn tó ń fi fóònù ya abẹ́ aṣọ obìnrin nínú èrò tún mú ojú àwọn èèyàn le. Òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń tà ní Japan fi máa ń dún bó bá ti ń ya fọ́tò, tí oní nǹkan kò sì lè pa ohùn náà. Ní oṣù Keje ọdún 2023, òfin gbogbo orílẹ̀-èdè lòdì sí irú fọ́tò ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní 2020 náà fi bí nǹkan ṣe ń yí hàn: Fujifilm gbé fídíò kan jáde láti polówó kámẹ́rà X100V, nínú èyí tí ayàwòrán kan ń súnmọ́ àwọn tó ń kọjá ní Tokyo tó sì ń já fọ́tò gbà lójú wọn. Ariwo pọ̀ débi pé wọ́n yọ fídíò náà. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ń gbà ṣiṣẹ́ ti di ohun tí ilé iṣẹ́ kámẹ́rà kò fẹ́ kí wọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìjáde ọjọ́ Àìkú ti ń fà sẹ́yìn kí òfin tó le. Ní 1998, wọ́n fòpin sí hokoten Harajuku. Ariwo, ìdọ̀tí àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Orí afárá Jingu-bashi gba díẹ̀ nínú àwọn èrò náà, ṣùgbọ́n afárá kì í ṣe títì. H&M ṣí ní Harajuku ní 2008, Forever 21 tẹ̀ lé e ní 2009, aṣọ tuntun wá di ohun tó pọ́ọ́kú débi pé kò sí ìdí láti jókòó gé òkìríkà mọ́. Owó ilé gòkè, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kó lọ. Fóònù dé, ó sì mú èyí tó kù: ọmọ tó bá ti múra lè ya ara rẹ̀ ní iyàrá, kí ẹgbẹ̀rún èèyàn rí i kó tó wọ bàtà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, Aoki kéde pé FRUiTS ti dúró, lẹ́yìn nọ́ńbà 233. Ìdí tó sọ ni pé àwọn ọmọ tó múra dáadáa tí òun lè yà kò tó mọ́. Ní ọdún kan náà, KERA fi bébà sílẹ̀. Àwọn kan bínú sí ọ̀rọ̀ Aoki, wọ́n ní òun ni kò mọ ibi tí àwọn ọmọ náà wà mọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jàre: àwọn tó ń múra kò tán, ibi tí wọ́n lè dúró sí pọ̀ ni ó tán.

Wọ́n ti wó ilé ibùdókọ̀ onígi tí wọ́n kọ́ ní 1924. Tuntun onígíláàsì rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, gẹ́lẹ́ nígbà tí àrùn Kòrónà ń ti ẹnubodè. Títì Takeshita dá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Japan tún ṣílẹ̀kùn gbayawu fún àlejò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwọn arìnrìn-àjò ya dé, débi pé lọ́pọ̀ ọjọ́ àwọn tó gbé kámẹ́rà pọ̀ ju àwọn tó yẹ kí wọ́n yà lọ. Àwọn tó wọ Lolita àti Decora ṣì ń pàdé, ṣùgbọ́n wọ́n á ti dá ọjọ́ fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rìn pọ̀ gba Omotesando, wọ́n á sì túká.

Ibi tí Central Apartment wà ti di Tokyu Plaza láti 2012. Ní òdìkejì ìkóríta náà, ilé ìtajà Harakado ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ gbogbogbò nísàlẹ̀ ilẹ̀ àti yàrá tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìròyìn àtijọ́ àti tuntun sí fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó kà á. Níta, nínú èrò tó ń rọ́ kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ACROSS ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú kámẹ́rà wọn, wọ́n ń ka bàtà.